Horniman ní ìgbà ìwọ́wé: ibi tí mo ń kó àwọn ọmọ lọ ní half-term

Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní half-term ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà, ìbéèrè kan náà ni àwa òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bi ara wa: níbo ni ká kó àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà? Òtútù ti ń yọ́ wọlé, òjò kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, owó ibi ìṣeré abẹ́ òrùlé sì máa ń ká ẹni tó bí ọmọ mẹ́ta lára. Horniman ni ìdáhùn tèmi, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lórí òkè ní Forest Hill, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ti lọ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n ìgbà ìwọ́wé ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n lọ.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Ilé náà ọ̀fẹ́, ọgbà náà ọ̀fẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja, ilé labalábá àti àwọn àfihàn pàtàkì kan nìkan ni wọ́n ń gbowó fún. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ahun ni mo ń sọ o. Bí èèyàn bá san owó gọbọi kó tó wọ ibì kan, ojú owó yẹn ni yóò máa fi wo gbogbo nǹkan: “Ẹ jẹ́ ká lọ wo ti òkè, a ò tíì rí ti ìsàlẹ̀, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn.” Ọmọdé ò lè fara da irú ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè wo nǹkan nínú àpótí gíláàsì fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ló máa kù tí yóò fi máa ronú. Ní Horniman, bí ẹsẹ̀ wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ tú wọn sí ọgbà, kí wọ́n sáré títí yóò fi tó wọn, kí ẹ sì tún wọlé padà. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan láàrin ìlú ní ọ̀sẹ̀ half-term kan náà rí. Orí ìlà la ti lo èyí tó dára jù nínú àárọ̀ wa, nígbà tá a sì wọlé, èjìká àwọn àgbà nìkan ni ọmọ mi tó kéré jù rí.

Owó tíì ló kọ́ ilé yìí. Oníṣòwò tíì ni Frederick Horniman, ó sì ń kó nǹkan jọ láti gbogbo ayé: ohun èlò orin, ère, kòkòrò, ẹran gbígbẹ, títí ilé tó ń gbé fi kún. Ó ní kí ayàwòrán ilé tó ń jẹ́ Charles Harrison Townsend ya ilé mìíràn fún òun. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i, ó sì fi í ta àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lọ́rẹ. Ilé aago tó wà níwájú rẹ̀ yàtọ̀ gan-an, ó rí gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, àwọn igun rẹ̀ sì rí róbótó bíi pé amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n.

Kí n tètè sọ èyí kí inú má baà bí ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀: walrus. Ẹranko òkun tó ní eyín gígùn méjì bíi ti erin ni, òun sì ni gbogbo ọmọ gúúsù Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ mọ́ Horniman. Láti Hudson Bay ní Kánádà ni wọ́n ti gbé e wá, nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Àwọn tó ki nǹkan sínú awọ rẹ̀ kò rí irú ẹ̀ láàyè rí, wọn ò mọ̀ pé ṣe ni ara walrus máa ń hunjọ, wọ́n bá kì í bámúbámú títí gbogbo ara rẹ̀ fi nà dán. Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Àmọ́ wọ́n ti gbọ̀ngàn tí walrus náà wà pa ní ọdún 2024 fún àtúnṣe ńlá, nítorí náà ẹ yẹ ojú òpó wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò kí ẹ tó ṣèlérí walrus fún ọmọ kankan. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń rántí ìlérí.

Gbọ̀ngàn orin ni tiwa gan-an. Ohun èlò orin tó wà níbẹ̀ tó 1,300, fèrè, gìtá, ìlù, aago, àti àwọn kan tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà fọn wọ́n. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni àwọn tábìlì tó ní bọ́tìnnì: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì gbọ́ bí ohun èlò yẹn ṣe ń dún gan-an. Yàrá kékeré kan tún wà níbẹ̀ táwọn ọmọ ti lè lù, kí wọ́n fọwọ́ ta, kí wọ́n mi jìgìjìgì. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí orí ń fọ́, kó dúró síta.

Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, mo mú wọn lọ. Ibi tá a pẹ́ sí jù lọ́jọ́ yẹn ni iwájú àwọn iṣẹ́ idẹ Benin. Ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ Benin, tí wọ́n lé Ọba Ovonramwen kúrò lórí oyè lọ sí Calabar, tí wọ́n sì kó idẹ àti eyín erin ààfin lọ. Ohun méjìléláàádọ́rin, 72, nínú ẹrù ogun yẹn ló bọ́ sọ́wọ́ Horniman.

Màámi wo ọ̀kan títí, wọ́n wá bi mí pé, “Ta ló tà á fún wọn?”

“Wọn ò tà á, mà. Ogun ni wọ́n fi kó o.”

“Wọ́n wá gbé e síbí, wọ́n tanná sí i, kí gbogbo ayé máa wá wò ó?”

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ní oṣù Bélú ọdún 2022, Horniman fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni gbogbo 72 náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló sì gbà wọ́n. Mẹ́fà kọ́kọ́ padà sílé. Wọ́n ṣàdéhùn pé kí àwọn tó kù ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n yá.

Ọmọ mi obìnrin tó ti ń tẹ́tí láti ẹ̀yìn wá já lu ọ̀rọ̀: “Màmá àgbà, ṣé àwa la wá ń yá wọn báyìí?”

“Àwọn Ìbíní ló ń yá wọn,” ni ìdáhùn màámi. “Kí wọ́n má sì fọ́ ọ.”

Mo ti ka oríṣiríṣi àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀ ìdápadà yìí, kò sí èyí tó yé ọmọ mi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ń yin Horniman nìyẹn: wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àlejò. Ọ̀pọ̀ ibi tó tóbi jù wọ́n lọ ṣì ń yí ọ̀rọ̀ po.

Ọgbà ni ìgbà ìwọ́wé wà. Ewé á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òmíràn á ti di pupa fòò, ilẹ̀ á sì máa dún wáríwárí lábẹ́ bàtà àwọn ọmọ. Láti ibi tí wọ́n ti ń lu orin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù láti òkèèrè, títí dé ilé ṣóńṣó Shard. Àwọn ohun èlò orin ńlá kan wà nínú ọgbà tí ọmọ lè lù láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sọ pé ó tó. Àgùntàn, ewúrẹ́ àti alpaca, ẹran onírun bíi ti àgùntàn tó ní ọrùn gígùn, wà níbi kan náà. Wákàtí tiwọn yàtọ̀ sí ti ilé, ẹ máa lọ wò wọ́n kí ọjọ́ tó lọ jìnnà.

Ibi tí màámi ti gbàgbé òtútù ni ọgbà tó rì sísàlẹ̀, níbi tí wọ́n gbin àwọn ewéko tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró sí. Woad wà lára wọn, ewéko tí àwọn ará Yúróòpù fi ń pa aró kí aró ilẹ̀ Íńdíà tó gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Èròjà tó ń mú aró dúdú nínú woad yẹn náà ló wà nínú ẹ̀lú wa, bẹ́ẹ̀ àwọn ewéko méjèèjì kò bára tan rárá. Bí ẹ bá wo ewé rẹ̀, àwọ̀ ewé lásán ni ẹ ó rí, kò sí aró kankan lójú rẹ̀. Àfi kó kọ́kọ́ kan nínú omi ná. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gún ẹ̀lú, bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú sí i nínú ìkòkò, àti bí aṣọ ṣe máa ń jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, tí yóò sì dúdú lójú ẹni. Ìyá aláwọ̀ funfun kan tó ń gba ibẹ̀ kọjá dúró gbọ́ títí ó fi parí, èmi ni mo ń túmọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan. Àwọn ọmọ yóò máa ṣa èso aláwọ̀ igi kan tó ń dán, conker ni wọ́n ń pè é, orí igi ńlá kan ló ti ń já bọ́. Ó jọ ohun jíjẹ, ṣùgbọ́n májèlé ni. Èyí tó jọ ọ́ tí wọ́n ń jẹ, sweet chestnut, yàtọ̀: ẹ̀gún èèpo tirẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì pọ̀ bí irun, nígbà tí ẹ̀gún èèpo conker nípọn, tí wọ́n sì jìnnà síra. Bí kò bá dá yín lójú, kí ó wà lọ́wọ́ wọn fún eré, kó má dé ẹnu.

Bí ẹ bá fẹ́ rìn, ọ̀nà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tó jẹ́ ojú irin ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, lára ọ̀nà tó ń lọ sí Crystal Palace, èyí tí wọ́n tì pa ní ọdún 1954. Igbó ti gba ibẹ̀, ẹrẹ̀ sì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Bàtà òjò, ẹ jọ̀ọ́.

Ibi ẹja kò tóbi. Ọmọ tó bá ti rí ti àárín ìlú, ojú tó rí òkun tí kò bẹ̀rù ọ̀sà ni. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó tó wọn. Ilé labalábá ni mo máa fi owó mi lọ, nítorí ooru: lọ́jọ́ tí òtútù bá mú, ṣe ni ibẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ half-term.

Ẹ tètè lọ. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, láti ọjọ́ náà lọ, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ń ṣú. Àárọ̀ ni kí ẹ fi jẹ ọgbà, kí ẹ fi ilé sí ọ̀sán. Ẹ lè di oúnjẹ yín lọ. Ìrẹsì àti dòdò la gbé, orí àga ọgbà la sì ti jẹ ẹ́.

Bí òjò bá kọ̀ tí kò dá, mo máa ń yí ọkọ̀ sí ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé London Museum Docklands. Ọ̀fẹ́ lòun náà, ilé ìkẹ́rùsí ṣúgà tí wọ́n kọ́ ní 1802 ni, apá kan sì wà níbẹ̀ láti 2007 tó sọ bí ṣúgà àti òwò ẹrú ṣe kọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ tó ti lé ní mẹ́sàn-án ló máa yé jù. Greenwich náà dára, pàápàá fún ọmọ tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ ìlà tó wà lókè yẹn tí wọ́n fi ń pín ayé sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wọlé lọ dúró lórí rẹ̀.

Nínú márùn-ún, mẹ́rin ààbọ̀ ni mo fún Horniman. Ààbọ̀ tí mo yọ kúrò, òkè ló gbà á. Láti ibùdókọ̀ ojú irin Forest Hill, gígùn ni ẹ ó máa gùn, wọn ò sì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àlejò, ojú pópó àdúgbò ni ẹ ó ti wá àyè. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, kó wọ bọ́ọ̀sì tó ń dúró níwájú ilé náà gan-an. Ọmọ tí kò tíì pé 11 kì í sanwó bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin Overground bí àgbà tó sanwó bá mú un dání. Màámi fẹsẹ̀ gùn ún, wọ́n sì gùn ún dópin, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má tún pe irú ẹ̀ ní “ìrìn díẹ̀” fún àwọn mọ́.