Ẹ̀rọ Onímọ́lẹ̀ Tàbí Ẹ̀rọ Gamma: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Àyẹ̀wò Kókó Ọmú?

Kò sí èyí tí ó lè rọ́pò mámógíráàmù, ìyẹn ẹ́síréè ọmú, nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ tí a fi ń mú ẹran díẹ̀ nínú kókó. Olùrànlọ́wọ́ ni ẹ fẹ́ rà, pàápàá fún àwọn obìnrin tí ẹran ọmú wọn ki tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́síréè kì í fi í ríran já.

Ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ ni a kọ́kọ́ rà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé kò ní ìtànṣán olóró, kò sì gba abẹ́rẹ́. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ọmú kọjá, ẹ̀jẹ̀ sì ni ó ń wò: hẹmoglóbìn, èròjà tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, ń gba ìmọ́lẹ̀ náà mu, ibi tí jẹjẹrẹ bá sì ti fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun mọ́ra á ṣókùnkùn. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti jẹ wá. Bí a bá tẹ ọmú mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò, àwòrán á yí padà. Ọmú tí àrùn kòkòrò mú wú náà ń kó ẹ̀jẹ̀ jọ bíi ti jẹjẹrẹ. Ìmọ́lẹ̀ tún ń fọ́n káàkiri nínú ẹran ara, débi pé kókó kékeré tí ó jìn wọnú máa ń dà bí ìkùukùu, tí a kò sì lè tọ́ka ibi tí dókítà yóò ki abẹ́rẹ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pe obìnrin kan padà láàárín oṣù kan, àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára mu, kò sì sí nǹkan kan nínú ọmú rẹ̀. Oorun tí kò rí sùn ní oṣù náà, a kò ní ohun tí a lè fi san án.

Ẹ̀rọ gamma tí a ń lò báyìí ń tọpa egbòogi sestamibi tí a so mọ́ èròjà onítànṣán technetium-99m, egbòogi tí sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan máa ń gbà sínú. Ó sì ti fi kókó tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan hàn wá kedere. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ìtànṣán rẹ̀ ń kan gbogbo ara, ó sì ju ti mámógíráàmù lọ. Agbára egbòogi náà ń dín sí ìdajì ní gbogbo wákàtí 6, nítorí náà a kò lè rà á pamọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Chalk River ní Kánádà, tí ó ń pèsè ohun tí a fi ń ṣe technetium náà, dáwọ́ dúró ní ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé ni ó wá a tì.

Ibi tí kò bá ní àṣẹ láti lo egbòogi onítànṣán lè mú ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀, ó sì wúlò fún ṣíṣọ́ kókó tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, láti mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á ya àwòrán ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí òṣìṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì yà á, kí ẹ wá gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.