FastHenry: ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ lò

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń lo FastHenry, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò inductance (bí wáyà ṣe ń tako ìyípadà iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá), nínú yàrá mi ní Tanke, Ìlọrin, lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kì í lò tó wákàtí kan. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, kò sì gba kọ́bọ̀. Inductor (wáyà kíká tó ń tọ́jú agbára mágínẹ́ẹ̀tì) onígun mẹ́jọ inú chip, tó ká bí ìkarahun ìgbín, ni mo fi dán an wò: ìká mẹ́ta, 200 µm láti etí dé etí, okùn irin 10 µm, àlàfo 5 µm. Fọ́múlà Wheeler tí wọ́n tún ṣe, èyí tí a fi ń ṣírò inductance lórí ìwé, fún mi ní nǹkan bí 2.16 nH, ti FastHenry kò jìnnà sí i. Kí n tó jẹ wàrà kan tán, ó ti parí.

Ṣùgbọ́n FastHenry kò ka kapasítánsì (bí irin tó sún mọ́ra ṣe ń tọ́jú iná láàárín ara wọn) sí rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bí sílíkọ́nì tó wà lábẹ́ inductor ṣe ń jẹ agbára. Q (ìwọ̀n tó ń ga bí inductor bá ń fi agbára díẹ̀ ṣòfò) tó bá gbé wá ní 5 GHz, ẹ bu púpọ̀ kúrò níbẹ̀. Ti self-resonance (frequency tí inductor kì í ti í ṣe bí inductor mọ́), ẹ má tilẹ̀ bi í.

Ọwọ́ lẹ ó fi tẹ gbogbo kọ́nà inductor sínú fáìlì rẹ̀. Nígbà tó sú mi, mo ní kí Python, èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà, máa bá mi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n kúkú ra irú ètò yìí tí wọ́n ń tà. Owó dà?