Àpótí Irinṣẹ́ fún Ṣíṣe Wàràkàṣì Nínú Ilé: Ohun Tó Ṣe Dáadáa àti Ibi Tó Kù Sí

Ẹni tó bá wo àwòrán ojú páálí àpótí irinṣẹ́ yìí yóò rò pé wàràkàṣì líle, roboto, tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ, ni òun máa fi ṣe. Ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Wàràkàṣì tútù, èyí tí a gbọ́dọ̀ jẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ni wọ́n tò ó jọ fún, èmi sì gbà pé èyí gan-an ló bá ilé tó ní ọmọ àti ọgbà ẹ̀fọ́ mu, nítorí ọ̀sán kan péré ló ń gbà, a sì lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lóko.

Aṣọ àsẹ́, abọ́ oníhò tí ń fún wàràkàṣì ní ìrísí, ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná, ásíìdì síítíríìkì, iyọ̀ tí kò ní áyódíìnì àti rennet oníhóró, èyí tí ń mú mílíìkì dì, ló wà nínú rẹ̀. Aṣọ náà dára púpọ̀: ó hun pinpin, kì í jẹ́ kí wàrà dídì bá omi lọ, ó sì ṣeé sè kí a tún lò ó. Rennet ni agbára iṣẹ́ náà, torí òun ló ń gé purotéènì casein inú mílíìkì, tí gbogbo rẹ̀ fi ń dì mọ́ra. Kílórínì inú omi ẹ̀rọ a máa sọ ọ́ di aláìlágbára, ìwé ìlànà náà sì kìlọ̀ fún wa kedere pé omi tí kò ní kílórínì ni kí a fi pò ó.

Ibi ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná ni wọ́n ti ṣahun. Àmì rẹ̀ jìnnà síra, ó sì ń falẹ̀ kó tó sọ òótọ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a ti sábà máa ń da rennet sí mílíìkì, ìyàtọ̀ ìwọ̀n mélòó kan sì lè mú kí ó dì jù tàbí kí ó má dì tó. Ẹni tó bá ti ní èyí tó dára nílé, kó lo tirẹ̀.

Ẹ̀sùn mi tó wúwo jù lọ wà lórí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé ìlànà: pé mílíìkì èyíkéyìí ló dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mílíìkì tí wọ́n sè dé ìwọ̀n 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15 ṣì lè dì dáadáa, pàápàá tí a bá fi kálísíọ̀mù kílóráìdì díẹ̀ sí i, èyí tí kò sí nínú àpótí náà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n sè kọjá ìwọ̀n 135, tó lè pẹ́ nínú páálí láìsí fíríìjì, kò ní ṣe ju kó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lọ, nítorí ooru náà ti lẹ àwọn purotéènì yòókù mọ́ casein. Ọ̀pọ̀ olùrà tuntun ni yóò tìtorí gbólóhùn yìí da odidi ìkòkò mílíìkì nù, tí wọ́n á sì rò pé rennet ló ti bàjẹ́.

Apá oúnjẹ inú ìwé náà ni mo fẹ́ràn jù, torí bí ohun ọ̀gbìn ṣe ń jáde ni wọ́n fi tò ó: ẹ̀fọ́ tútù ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ni kúkúńbà, kó tó kan tòmátì, tí wọ́n ní kí a gé kí a sì fi wàràkàṣì àti ewé olóòórùn dídùn sí láìsè é. Àwọn ọmọ lè bá wa gé wàrà dídì, kí wọ́n sì so aṣọ rọ̀. Fífa mozzarella, wàràkàṣì tútù tí a máa ń fà gùn, nínú omi gbígbóná, iṣẹ́ àgbà ni.

Ọ̀rọ̀ omi wàrà, tó ń ya kúrò lára èyí tó dì, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nǹkan bíi lítà 10 mílíìkì màlúù ni à ń lò kí a tó rí kílò 1 wàràkàṣì líle. Wàràkàṣì tútù tí a ń rí nínú iye mílíìkì kan náà máa ń pọ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù. Ìwé náà ní kí a dà á sídìí ẹ̀fọ́, kò sì sọ pé èyí tí a fún jáde lẹ́yìn tí iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ lè pa gbòǹgbò, tàbí pé èyí tí kò níyọ̀ pàápàá máa ń kan lẹ́nu, tó sì yẹ kí a fi omi là á dáadáa. Ọbẹ̀ àti ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tí a lè da omi náà sí, ni ì bá ti kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láìní ohunkóhun lè rà á. Ẹni tó ti ní aṣọ àsẹ́ àti ìkòkò ńlá kò nílò rẹ̀. Kí ó ra rennet lọ́tọ̀, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù.