Bọ́ọ̀lù ayé tí mo rà fún ọmọ mi: òkè ara rẹ̀ ń parọ́, ṣùgbọ́n n ò dá a padà

Kànga ni mo ń gbẹ́ ní Àkúrẹ́, ó ti lé ní ogún ọdún. Ẹni bíi tèmi kì í sábà ní nǹkan í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ìwé. Ọmọ mi àbígbẹ̀yìn ló fi ìbéèrè tì mí débẹ̀. Ó ní, "Dádì, tí ẹ bá ń gbẹ́ kànga lọ, tí ẹ ò dúró, ibo lẹ máa já sí?" Ìyá rẹ̀ ní Ṣáínà ni. Èmi ní ọ̀run àpáàdì ni. Kò gba tìyá, kò gba tèmi.

Mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan ilé-ìwé lẹ́bàá Ọjà Ọba, mo ní kí wọ́n fún mi ní gílóòbù, èyí tí wọ́n ya máàpù ayé sí lára. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní, "Bàbá, a kì í ta iná níbí o, ẹ sọdá títì." Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe nǹkan tó rí róbótó, tó ń yí. Ó ní fáànù náà, òdìkejì títì ni. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní bọ́ọ̀lù ayé. ₦26,500 ló pè é, mo san ₦23,000.

Ike ni. Ó fi díẹ̀ ju bọ́ọ̀lù táwọn ọmọ ń gbá lọ, 30 sẹ̀ǹtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Àwọn òkè ayé wú jáde lára rẹ̀ débi pé téèyàn bá di ojú, tó fi ọwọ́ pa á, á mọ̀ pé òun ti dé Himalaya. Èyí tí ara rẹ̀ dán wà níbẹ̀, ₦15,000, mo ní n ò fẹ́.

Ọjọ́ kejì ni mo gbé e padà. Ó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́. Ọmọkùnrin yẹn kò bá mi jà, ó kàn fi ìka hàn mí ibi tí wọ́n kọ 23.5 dígírì sí, ó ní, "Bàbá, bí ayé ṣe dúró nìyẹn." Ojú tì mí, mo gbé ẹrù mi.

Ìdagun yẹn nìkan tó owó tí mo san. Ohun kan wà tí àwa tó ń wọ inú kànga mọ̀. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, bí aago bá ti kọjá méjìlá pẹ̀lú ogójì ìṣẹ́jú, tí òjò kò ṣú, oòrùn máa ń wo inú kànga tààrà dé ìsàlẹ̀. Ẹ lè wà ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà nísàlẹ̀, kí ẹ máa rí òkúta wẹ́wẹ́ ní ẹsẹ̀ yín bí ẹni wà níta. Kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó ti kọjá. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, yóò tún dé. Láàrin wọn, nínú oṣù Kẹfà, ògiri tó wà ní gúúsù nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń bà. Tó bá di oṣù Kejìlá, ó di ti àríwá. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní oòrùn ń lọ kí àwọn àna rẹ̀ ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, n kò bi í ní ìbéèrè kejì.

Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi tan tọ́ọ̀ṣì, mo di bọ́ọ̀lù mú. Wọn kò kọ Àkúrẹ́ sí i, a fi báírò sàmì rẹ̀ sí 7 dígírì lókè ìlà agbedeméjì ayé, 5 dígírì sí ìlà oòrùn. (Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ojúmọ́ ti mọ́ wá, kò sí níbẹ̀ náà. Wọ́n rántí Kano.) A jẹ́ kó máa dagun síbi kan náà, a sì ń rìn yí tọ́ọ̀ṣì ká. Ìmọ́lẹ̀ gun òkè dé 23.5 dígírì lókè, ó sọ̀ kalẹ̀ dé 23.5 nísàlẹ̀. Bó ṣe ń lọ ó kọjá lórí báírò wa, bó ṣe ń bọ̀ ó tún kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí.

Aago méjìlá kọjá ogójì náà wà lára rẹ̀. Ìlà 15 dígírì sí ìlà oòrùn ni wọ́n fi ń ka aago wa, ìlà ọ̀hún kò tilẹ̀ gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá, ẹ̀yìn wa lọ́hùn-ún ló gbà, ní Kamẹrúùnù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn fi ń rin dígírì kan. Kó tó ti ibẹ̀ dé Àkúrẹ́, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ.

Irú kànga bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi wọn ayé. Ó ti lé ní 2,200 ọdún. Eratosthenes, ará Gíríìkì tó ń gbé ní Alexandria ní Íjíbítì, gbọ́ pé ní Syene, tó ń jẹ́ Aswan lónìí, oòrùn ń wo ìsàlẹ̀ kànga lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, òjìji wà ní Alexandria. Ó fi òjìji náà wọn bí oòrùn ṣe dagun tó, ó rí i pé ìdá kan nínú àádọ́ta òbìrí ni. Ó wá fi 50 sọ ọ̀nà tó wà láàrin ìlú méjèèjì di púpọ̀, iye tó rí fún àyíká ayé sì sún mọ́ òótọ́ dáadáa. Mo ka èyí fún ìyàwó mi kó lè mọ irú iṣẹ́ tí ọkọ òun ń ṣe.

Ó kan àwọn òkè, ibi tí owó mi wọlé sí. Irọ́ ni wọ́n. Everest, òkè Himalaya tó ga jù láyé, ga ní 8,849 mítà, ayé fẹ̀ ní 12,742 kìlómítà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Mo fi rúlà ọmọ mi wọn Himalaya tiwọn, 3 mìlímítà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, òkè náà á ga ju 120 kìlómítà lọ! Gíga tó tọ́ sí i lórí bọ́ọ̀lù yìí jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan, kò tó nǹkan. Èyí tó dán, tó jẹ́ ₦15,000, ló sọ òótọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ihò. Kànga tó jìn jù tí mo gbẹ́ rí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìléláàádọ́ta, a rí àpáta kí a tó rí omi, n ò gbàgbé ìyà yẹn. Àwọn ará Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ibi kan tó ń jẹ́ Kola nílẹ̀ wọn ní 1970, ó dé 12,262 mítà, ìyẹn ju 40,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ooru ìsàlẹ̀ dé 180 dígírì, wọ́n ní kí iṣẹ́ dúró. Lórí bọ́ọ̀lù mi, gbogbo wàhálà yẹn kò tó ojú abẹ́rẹ́ tó rá ara ike. Ọmọ mi wò ó títí, ó ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ibi tí kànga wa máa já sí kì í sì í ṣe Ṣáínà. Òdìkejì Àkúrẹ́ gan-an bọ́ sí àárín òkun Pàsífíìkì, ní 7 dígírì nísàlẹ̀ ìlà agbedeméjì, omi ló yí i ká. Ọmọ mi ní a jẹ́ pé a ò ní wá omi mọ́ ní Àkúrẹ́.

Òun náà ló rí i pé ikùn Bùràsíìlì bá abíyá Áfíríkà mu. Ará Jámánì kan, Alfred Wegener, ti sọ ọ́ ní 1912 pé ilẹ̀ kan ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó kú ní 1930, ìgbà tó di àwọn ọdún 1960 ni wọ́n tó gbà fún un.

Ohun tí bọ́ọ̀lù yìí kò lè dáhùn ni ìdí tí àpáta Ìdànrè fi pá lórí, tí tiwa níbí sì ti di amọ̀ àti yangí. Èmi ni mo dáhùn ìyẹn. Níbi tí àpáta bá ti ní ìlà nínú, omi òjò ń wọlé, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rọ̀ tí dígà á wọlé. Èyí tí kò ní ìlà, omi kàn ń yọ̀ lára rẹ̀ lọ ni. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn lọ, òun kù síbẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ tó kù: gílóòbù inú rẹ̀ (tiná ni mo ń wí) jó ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Sudan ṣì jẹ́ ẹyọ kan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní 2011 ni Gúúsù Sudan ti dá dúró. Ìlà agbedeméjì ni wọ́n ti lẹ ìlàjì méjèèjì pọ̀, São Tomé, erékùṣù kékeré tó wà nítòsí ìlà náà, sì ti rì sínú gọ́ọ̀mù.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó ra èyí tó dán. Kó yọ ọ́ nínú páálí kó tó sanwó, kó wo ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.