Odò orí ẹfun àti odò orí amọ̀: Lambourn àti Ray

Gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì wà, àmọ́ ìwà wọn jìnnà síra. Lambourn, ní Berkshire, ń ṣàn lórí òkúta ẹfun títí ó fi bá odò Kennet pàdé ní Newbury. Òjò ibẹ̀ máa ń rin wọnú ẹfun, ó lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kó tó sun jáde. Ìdí nìyẹn tómi rẹ̀ fi mọ́ gaara. Apá òkè rẹ̀ máa ń gbẹ nígbà ìwọ́wé, á tún sun nígbà òtútù. Kì í ṣe àìsàn, bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tó ń pa á lára gan-an ni kí wọ́n máa fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù: omi á lọ sílẹ̀, ẹrẹ̀ á bo òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹja trout ń yé sí, ẹyin ò sì ní rí afẹ́fẹ́ mí.

Ray, tó gba ilẹ̀ àbàtà Otmoor kọjá lọ bá odò Cherwell ní Islip, orí amọ̀ ló wà. Amọ̀ kì í fa omi: òjò ńlá rọ̀ lóru, kílẹ̀ tó mọ́, odò ti ru, ó ti dẹlẹ́rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wo ẹja àti ewéko inú omi, Lambourn ni kó lọ. Ẹyẹ ni Ray fi jù ú lọ.