Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ dé Tréguier

Ìlú kékeré ni Tréguier, ní Bretagne, lápá ìwọ̀-oòrùn Faransé. Ọkọ̀ ojú irin kò dé ibẹ̀. Guingamp ni mo ti bọ́ sílẹ̀, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní kí gbogbo agbẹjọ́rò tó bá lè lọ lọ síbẹ̀, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Kátọ́líìkì.

Nítorí Yves Mímọ́ ni, ẹni mímọ́ alábòójútó àwa agbẹjọ́rò. Kermartin tó wà nítòsí ni wọ́n bí i sí ní 1253. Ó kọ́ òfin ní Paris, ó lọ kọ́ òfin ìjọ ní Orléans, ó sì di adájọ́ nílé ẹjọ́ ìjọ, ní Rennes lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Tréguier yìí. Kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́. Bí ẹjọ́ tálákà bá wà ní kóòtù mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ rò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Kàtídírà Tugdual Mímọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀, ẹ ò ní sanwó. Ibojì Yves wà níbẹ̀, òkúta tí wọ́n gbẹ́ ọnà yí ká. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ti 1890 ni. Èyí tí Dúúkù Jean Karùn-ún, tó jọba lé Bretagne nígbà kan, kọ́ fún un, àwọn ọmọ ogun ló fọ́ ọ ní 1794, nígbà tí Faransé dojú rú. Dúúkù náà ní kí wọ́n sin òun sítòsí ẹni mímọ́ yìí.

Ère ló dá mi dúró. Wọ́n gbẹ́ Yves sáàárín èèyàn méjì: olówó lápá kan nínú aṣọ ńlá, tálákà lápá kejì nínú àkísà. Mo wò ó títí. Kò sí idà, kò sí adé, kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀. Adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ni. Lójú tèmi, ère náà sọ̀rọ̀ ju ibojì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìlú Tours, ní Faransé, tí wọ́n ń pa nípa Yves. Ọkùnrin méjì gbé àpò kan fún opó tó ní ilé èrò, wọ́n ní kó má gbé e fún ẹnikẹ́ni àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ dé. Ọ̀kan dá padà wá, ó fẹnu dídùn gba àpò, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èkejì pe opó lẹ́jọ́. Ẹjọ́ ti fẹ́ẹ́ dá opó lẹ́bi nígbà tí Yves dìde: opó yóò gbé àpò kalẹ̀, ó ní, ṣùgbọ́n àdéhùn ni pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà, kí olùpẹ̀jọ́ lọ mú ẹnìkejì rẹ̀ wá. Jìbìtì tú síta. Yves kò sá fún àdéhùn náà rárá, òun gan-an ló gbá mú. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ má ṣe ti kàtídírà padà. Ẹ rìn dé Minihy-Tréguier, kìlómítà kan àti díẹ̀ ni. Orí ilẹ̀ ilé àdúrà tí Yves dá sílẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ dúró sí, ìwé ìhágún rẹ̀ ní èdè Látìn sì wà nínú rẹ̀. Lágbàlá, òkúta ìrántí kan wà tí wọ́n dá ihò sí nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àfi kó kúnlẹ̀. Mo rí agbẹjọ́rò kan tó ká aṣọ kóòtù rẹ̀ sókè kó tó wọlé, eruku ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹta oṣù Karùn-ún ni ìwọ́de ọdún Yves máa ń bọ́ sí, nítorí 19 oṣù Karùn-ún 1303 ló kú. Wọ́n á gbé agbárí rẹ̀ láti kàtídírà lọ sí Minihy, àwọn lọ́yà á tò tẹ̀lé e nínú aṣọ iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó yan ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá sì fẹ́ ìwọ́de, kó tètè gba yàrá nílé ìtura, kó sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Ilé ìtura kan ti fi yàrá tí mo sọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kí n tó dé.