Kato Unitrack fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kékeré: ojú irin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí ẹni tó ń ra ọkọ̀ ojú irin kékeré fún ìgbà àkọ́kọ́ bá dúró níwájú páálí, ẹ́ńjìnnì ló máa ń wò: àwọ̀ rẹ̀, iná iwájú rẹ̀, iye kọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń yẹ ojú irin tó wà nísàlẹ̀ páálí wò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí ọkọ̀ bá ń dúró lójijì, tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, tí kọ́ọ̀ṣì ń já kúrò lójú irin ní ibi kan náà ṣáá, ojú irin ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ́ńjìnnì tó dáa kò lè sáré lórí ojú irin tí kò dáa, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbayì lè rìn geerege lórí ojú irin tó péye. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò yìí fi dá lórí Unitrack òṣùwọ̀n N tí ilé-iṣẹ́ Kato ní Japan ń ṣe, pàápàá páálí ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní M1, èyí tó ní ojú irin àti àpótí ìdarí nínú láìsí ọkọ̀. Àbá wa ni pé kí ẹ rà á, àmọ́ ó ní àwọn ibi tó kù sí.

Òṣùwọ̀n ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Nínú òṣùwọ̀n N, mìlímítà 160 lára ọkọ̀ gidi ló di mìlímítà 1 lára ti kékeré. Àwọn ará Japan ń lo 1:150 fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ń lo 1:160 fún Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá wọn. Ti Britain jẹ́ 1:148. Gbogbo wọn ló ń rìn lórí ojú irin kan náà, èyí tí àárín ọ̀pá irin méjèèjì jẹ́ 9 mm. Àwọn òṣùwọ̀n mìíràn tó tóbi ju N lọ wà: HO jẹ́ 1:87, OO ti Britain jẹ́ 1:76, àwọn méjèèjì sì ń rìn lórí 16.5 mm. Àyè ni ìyàtọ̀ ọ̀hún fi ń hàn. Òbírí tó wọ́pọ̀ jù nínú páálí ìbẹ̀rẹ̀ HO ti Amẹ́ríkà ń gba nǹkan bí 92 cm láti àárín irin kan dé àárín irin tó kọjú sí i. Òbírí inú M1, tó jẹ́ 315 mm láti àárín rẹ̀ dé àárín irin, ń gba 63 cm péré. Tí yàrá yín kò bá gba tábìlì ńlá, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọdé ló máa fi ṣeré, ẹ má ra N. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ kéré, gbígbé e sórí irin ń fẹ́ sùúrù tí ọmọ ọdún márùn-ún kò ní.

Ohun tó yà Unitrack sọ́tọ̀ ni ìtẹ́lẹ̀ oníke àwọ̀ eérú tó ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá irin láti ilé-iṣẹ́, àti ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Unijoiner lẹ́nu ègé kọ̀ọ̀kan. Ike ló yí irin pẹlẹbẹ inú Unijoiner ká. Ike náà ló ń di ègé méjì mú, irin inú rẹ̀ ló sì ń gbé iná kọjá. Níkẹ́lì sílíbà, ìyẹn àdàlù bàbà, níkẹ́lì àti síńkì, ni ọ̀pá irin fúnra rẹ̀. Nínú àwọn páálí òǹtajà mìíràn, ẹ máa bá ọ̀pá irin líle pàdé. Àpẹẹrẹ tó rọrùn láti dá mọ̀ ni E-Z Track ti Bachmann: èyí tí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ dúdú jẹ́ irin líle, èyí tí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú jẹ́ níkẹ́lì sílíbà. Àwọn méjèèjì ń so mọ́ra, nítorí náà ẹni tí kò mọ̀ lè dà wọ́n pọ̀. Irin líle máa ń dípẹtà níbi tí ọ̀rinrin bá wà, ìpẹtà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Ìpẹtà tó ń bo níkẹ́lì sílíbà kì í dí iná lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ti Märklin, ilé-iṣẹ́ kan ní Germany, yàtọ̀ pátápátá: àárín ojú irin HO wọn ní àwọn orí ìṣó kéékèèké tó ń gbé iná, ọ̀pá irin méjèèjì sì jẹ́ ọ̀nà ìpadà kan náà. Ó dáa gan-an, kò sí wàhálà ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn kí iná apá méjèèjì pàdé ara wọn tààrà, bí ọ̀nà bá yí padà sórí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Märklin tí wọn kò fi ohun tí kì í gbé iná ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ á fa ṣọ́ọ̀tì bí ẹ bá gbé e sórí ojú irin oní-ọ̀pá-méjì. Ẹ má ṣe ra èyí kẹ́ ẹ tún ra tọ̀hún ní èrò pé wọ́n á bára mu.

Ègé títẹ̀ mẹ́jọ, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 45°, ló ń di òbírí. Kó tó lè gùn, ẹ fi ègé gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí iye mm tó wà lápá kan sì bá ti apá kejì dọ́gba. Ègé gbọọrọ 248 mm méjì lápá kọ̀ọ̀kan á sọ gbogbo rẹ̀ di nǹkan bí 115 cm sí 66 cm tí ẹ bá ka ìtẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Tábìlì 125 cm sí 80 cm á gbà á, ààyè á sì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ tó bá já má baà ṣubú lulẹ̀. Lára àwọn gígùn yòókù ni 186, 124 àti 62 mm. Ẹ ṣàkíyèsí pé 62 ń lọ nínú 248 lẹ́ẹ̀mẹ́rin gẹ́lẹ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọrùn láti gbèrò ọ̀nà tuntun láìlo ayùn.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí ni ìsopọ̀, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ègé méjèèjì sórí ohun tó tẹ́jú, ẹ wò ó kí ẹsẹ̀ ọ̀pá irin wọ inú Unijoiner lápá méjèèjì, ẹ wá tì í títí tí ẹ ó fi gbọ́ “kọ́”. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná wọ́ orí ojú ìsopọ̀ náà. Tí èékánná bá kọ́ nǹkan, ọ̀pá irin kan ti gun orí Unijoiner dípò kó wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ lè kọjá níbẹ̀ nígbà tó bá rọra ń rìn, á sì já nígbà tó bá ń sáré. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ di ègé méjèèjì mú nítòsí ìsopọ̀, ẹ fà á tààrà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sókè bí ẹni ń ṣẹ́ igi, nítorí ìtẹ̀sókè ló ń la irin inú Unijoiner. Èyí tó ti là kò ní di ọ̀pá irin mú dáadáa mọ́, iná á sì máa já níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ ọ́n ni pé ọkọ̀ á máa falẹ̀ tàbí kó dúró ní ojú kan náà. Tí ẹ bá fi ìka tẹ ìsopọ̀ tó wà nítòsí, tó bá tún gbéra, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ẹ pààrọ̀ Unijoiner náà, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Fífi ẹnu pílíásì fún un lè mú un di mú fúngbà díẹ̀, kì í pẹ́ tó fi máa tún tú.

Ti iná rọrùn. Àpótí ìdarí ń fún ojú irin ní DC, iná tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo, tó lè dé 12 V. Bí ẹ bá ṣe yí i sí ni mọ́tò ẹ́ńjìnnì ń yára tó. Bí ẹ bá yí ibi tí iná ń gbà padà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Wáyà búlúù àti funfun méjì ló ń so àpótí mọ́ ojú irin. Fún òbírí kékeré, ibi kan péré tó. Bí ọ̀nà bá ti gùn, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ díẹ̀ nínú iná, ọkọ̀ á máa falẹ̀ bó ṣe ń jìnnà sí ibi tí wáyà ti wọlé. Ẹ fi Unijoiner oníwáyà mìíràn kún un ní nǹkan bíi mítà méjì síra. Ọ̀pá irin tí búlúù àkọ́kọ́ wà ni búlúù kejì gbọ́dọ̀ wà. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ara wọn, ṣọ́ọ̀tì dé nìyẹn, àpótí á pa ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀tì náà ló ń dé bí ẹ bá to ọ̀nà kí ó yí padà sórí ara rẹ̀, nítorí ọ̀pá irin apá ọ̀tún á pàdé ti òsì. Ó ní ohun èlò tó ń yanjú ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò.

Oríta irin ni ibi tí Kato kò fi bẹ́ẹ̀ gba máàkì pípé. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, #4 àti #6. Mọ́tò tó ń yí wọn ti wà nínú ìtẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa lù mọ́ abẹ́ tábìlì, ìyẹn dùn mọ́ni. #4 gùn tó 126 mm, ẹ̀ka rẹ̀ sì tẹ̀ ní 481 mm. #6 gùn tó 186 mm, ti ẹ̀ka rẹ̀ sì jẹ́ 718 mm. Nítorí pé #4 kéré, òun ni àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń rà. Àwọn olùlò sì ń ráhùn sí i pé ẹsẹ̀ ọkọ̀, pàápàá ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, máa ń kọ́ ẹnu irin tó ń yí. Àtúnṣe tí wọ́n mọ̀ ni pé kí a fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ rọra yún ẹnu irin náà títí tí á fi sún mọ́ ọ̀pá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìyọ́rí. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ohun tuntun. Tí àyè bá wà, #6 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wò ó bóyá ègé títẹ̀ 718 mm, 15°, tó ń dá ẹ̀ka padà wà nínú páálí rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀nà méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 33 mm. Nítorí náà òbírí tó máa yí 315 ká ni 348, èyí tó máa wà nínú rẹ̀ ni 282.

Kí ẹ tó ra kọ́ọ̀ṣì gígùn, ẹ ṣe ìṣirò díẹ̀. Òfin tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí òbírí, láti àárín rẹ̀ dé irin, tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn kọ́ọ̀ṣì. Kọ́ọ̀ṣì èrò Amẹ́ríkà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 85 jẹ́ 162 mm ní òṣùwọ̀n N. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 486. Lórí 315, kò pé ìlọ́po méjì: ó lè rìn, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ á yọ síta bí ẹni fẹ́ ṣubú, tí ìkọ́ tó so ó mọ́ kọ́ọ̀ṣì kejì bá sì wà lára ara kọ́ọ̀ṣì dípò lára ẹsẹ̀, á fa ẹnìkejì já. Kọ́ọ̀ṣì Japan tó jẹ́ mítà 20 jẹ́ 133 mm, ó rọrùn sí i. Wágọ̀nù ẹrù kúkúrú kò ní wàhálà kankan.

Ìkọ́ ni wọ́n ń gbàgbé. Ọkọ̀ Kato ti Amẹ́ríkà àti ti Japan kì í fi dandan ní irú ìkọ́ kan náà, ẹ rí i pé gbogbo ohun tí ẹ rà bá ara wọn mu. Ìwúwo náà ṣe pàtàkì. Ìlànà NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Amẹ́ríkà láti 1935, sọ pé wágọ̀nù N yẹ kó wúwo tó 14 g, ká sì fi nǹkan bí 4 g kún un fún ínǹṣì gígùn kọ̀ọ̀kan. Wágọ̀nù ínǹṣì mẹ́rin yẹ kó tó nǹkan bí 31 g. Èyí tó bá fúyẹ́ jù láàárín àwọn tó wúwo ló máa ń kọ́kọ́ dojú dé lórí ègé títẹ̀.

Ẹ má to Unitrack sórí kápẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n tiẹ̀ yà á sórí páálí pé ó ṣeé ṣe. Òwú rẹ̀ á ká mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á wọ inú jíà. Tí orí tábìlì bá ń ró kàkàkà, fóòmù 3 mm lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀ á pa ohùn náà rọlẹ̀. Fún ìmọ́tótó, aṣọ tí kò ní òwú tí ẹ fi isopropyl alcohol 90% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó taná. Ẹ má fi sáńpépà tàbí wúùlù onírin ha á: ojú irin á di gbẹ́ngbẹ̀ngbẹ́n, ìdọ̀tí á tún máa há síbẹ̀, ègé wúùlù onírin tó já á sì lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà ń dọ̀tí. Ẹ tẹ́ bébà ìnuwọ́ tó rẹ díẹ̀ sórí ọ̀pá irin méjèèjì, ẹ gbé ẹsẹ̀ apá kan lé bébà náà kí ti apá kejì wà lórí irin tó ń gbé iná, ẹ di ẹ́ńjìnnì mú kó máa yí lórí ìdúró. Ẹ má ṣe é pẹ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ní rọ́bà, ọtí náà kì í bá rọ́bà rẹ́.

Ti DCC, ìyẹn ọ̀nà ìdarí onídíjítà tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan gba ojú irin, ẹ lè fi sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Kẹ́ ẹ kàn yan ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún díkódà, ohun kékeré tó ń gba àṣẹ náà, nínú rẹ̀. Ojú irin yìí kan náà lẹ máa lò nígbà náà, nọ́ńbà ìdámọ̀ tí díkódà tuntun sì máa ń bá wá ni 3. Ẹ ṣáà má gbé ẹ́ńjìnnì tí kò ní díkódà kalẹ̀ lórí iná DCC kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀. Mọ́tò á máa kùn, á gbóná, ó sì lè jó.

Ẹni tó fẹ́ ojú irin tó jọ ti gidi, tí ọ̀nà rẹ̀ ń tẹ̀ bó ṣe wù ú, kò ní fẹ́ràn Unitrack pẹ́. Àwọ̀ òkúta ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ dọ́gba jù, ìtẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé yí padà. Ojú irin tó ṣeé tẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ Peco, tó máa ń gùn tó 914 mm, ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gígé, títẹ̀, lílẹ̀ àti dída òkúta sí i wà lọ́rùn rẹ̀. Kato ní ègé 62 mm kan tó ń so Unitrack mọ́ ti àwọn mìíràn, tí ẹ bá fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó gbé apá kejì sókè kó bá ìtẹ́lẹ̀ dọ́gba. Fún àwọn tó kù, M1, ẹ́ńjìnnì kan, wágọ̀nù mẹ́rin, Unijoiner àpọ̀jù, lẹ́yìn náà #6 méjì fún ọ̀nà ìyàgò: bí wọ́n ṣe yẹ kí ẹ rà wọ́n tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn.